Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa ara ewé, igi àti ìtàkùn, pẹ̀lú ìdáhùn

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní Òṣogbo níbí, ìyá mi sì ta ewé àgbo fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọjà Ìgbọ̀nà. Nílé, mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń ṣàpèjúwe ewé fún oníbàárà, ní ilé ìwé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní petiole (igi ewé), axil, rhizome, mo sì pẹ́ kí n tó rí i pé nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ, àwọn òbí wọn àti àwọn tó ń ra ewé máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí. Ibi tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀, òun ni mo lò. Ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa jọ mọ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe rí.

Ṣebí ewé lórúkọ, kí la tún fẹ́ fi àpèjúwe ṣe?

Orúkọ nìkan ò tó o. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gẹ́ níbì kan, pákí ni níbòmíì, gbágùúdá ni lọ́dọ̀ àwọn míì, ìyẹn ṣì dáa torí gbogbo wa la mọ ohun tí à ń sọ. Wàhálà wà nígbà tí ewé méjì bá jọra. Ìyá mi rán ọmọ kan ládùúgbò nígbà kan pé kó lọ já ọ̀dúndún wá, àbámodá ló já wá, mi ò sì lè bá ọmọ náà wí torí àwọn méjèèjì nípọn, omi kún inú wọn, etí wọn sì rí gọ́ngọ̀-gọ́ngọ̀. Ìyá mi ò pariwo. Ó mú ewé kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀ yíká, ó ní "ibi tó jìn díẹ̀ díẹ̀ yìí, tó o bá jù ú sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ á ti yọ. Àbámodá ló ń bímọ létí." Lẹ́yìn ìyẹn ló tún fi hàn án pé àbámodá tó bá ti dàgbà, ewé ẹ̀ máa ń pín sí mẹ́ta tàbí márùn-ún lórí igi ewé kan, nígbà tí ti ọ̀dúndún sábà máa ń wà ní odidi. Ẹ wò ó, àpèjúwe ewé tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ti pé ó jọra nìkan kọ́ o. Aṣofẹyẹjẹ ní èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine nínú, ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, kì í ṣe ewé tó yẹ kí èèyàn ṣì já tàbí kó ṣì lò. Bẹ́ẹ̀ ó rọrùn láti dá mọ̀ tẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò, ẹ máa rí i nísàlẹ̀.

Gbogbo ohun tí à ń wú nínú ilẹ̀, ṣé gbòǹgbò ni?

Rárá o, ibí yìí ni èèyàn ti ń ṣì í jù. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ wá ni ojú. Ìtí igi, ì báà wà lókè, ì báà wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó máa ń ní ojú tí ọmọ ti ń yọ, ó sì máa ń ní oríkèé tàbí àpá ibi tí ewé ti jábọ́. Ẹ mú atalẹ̀ kan lọ́wọ́, ẹ fi èékánná tẹ̀lé àwọn ìlà tó yí i ká bí òrùka, ẹ máa rí èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ìlà yẹn, ewé ni nǹkan yẹn, ewé tí kò rí oòrùn. Torí náà ìtí ni atalẹ̀, ìtí tó ń rìn gbọọrọ nínú ilẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní rhizome. Kókò náà ìtí ni, kúkúrú tó sanra, corm ni orúkọ tiẹ̀. Pòtétò Irish náà ìtí ni, ìdí nìyẹn tí ojú fi pọ̀ lára ẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Gbòǹgbò ni ní tiẹ̀, gbòǹgbò tó kó oúnjẹ pamọ́. Ẹ gbin odidi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ wú, kò ní hù, á kàn jẹrà ni. Igi ẹ̀ la máa ń gé gbìn, torí igi yẹn ló ní ojú, ẹ wo òkè ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti já, ojú kékeré kan á wà níbẹ̀. Àmọ́ mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fi ojú nìkan ṣèdájọ́, torí ọ̀dùnkún gbòǹgbò ni òun náà, síbẹ̀ ó máa ń hù tẹ́ ẹ bá gbé e sílẹ̀ pẹ́. Nǹkan ewéko kì í tò létòlétò bí a ṣe fẹ́.

Àlùbọ́sà ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù. Ẹ là á sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ìpele tẹ́ ẹ rí yẹn, ìdí ewé ni wọ́n, ìtí ẹ̀ gan-an ni pẹlẹbẹ kékeré tó le nísàlẹ̀ tí gbòǹgbò ti yọ bí irùngbọ̀n, tí à ń gé sọ nù.

Gbòǹgbò gan-an, oríṣi mélòó ló wà?

Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, méjì tó. Ẹ fa tẹ̀tẹ̀ tu, gbòǹgbò ńlá kan á tẹ̀lé e tó lọ sísàlẹ̀ tààrà, àwọn kékeré á sì yà lára ẹ̀. Ẹ wá fa gbégi tu (tẹ́ ẹ bá lè fà á tu o, torí bó ṣe lágbára nìyẹn), ìdìpọ̀ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa bá a wá pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, kò ní olórí. Koríko, àgbàdo, ọ̀pẹ, àwọn wọ̀nyẹn ló ní irú èkejì yìí. Àgbàdo tún máa ń yọ gbòǹgbò lókè ilẹ̀ tó fi ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ti àràbà ṣe pàtàkì, ìdí ẹ̀ máa ń yọ jáde bí ògiri tó dúró yí i ká, èèyàn lè sá òjò sí àárín méjì nínú wọn.

Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣé igi ni àbí kì í ṣe igi?

Kì í ṣe igi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun à ń pọ́n àdá sí, ìwé bàọ́lọ́jì sì gbà pẹ̀lú wọn, torí nǹkan tó dúró yẹn kì í ṣe ìtí rárá. Nígbà tá a gé ọ̀kan lẹ́yìnkùlé wa, mo jókòó tì í pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í bó o ní ìpele ìpele. Ó ń ṣí bí ẹní tí wọ́n ká. Inú ìpele kọ̀ọ̀kan ní ihò ihò bí afárá oyin, omi ń kán nínú ẹ̀ (ẹ má wọ aṣọ funfun ṣe é o, àbàwọ́n ẹ̀ kì í lọ). Gbogbo ìpele yẹn ìdí ewé ni, ọ̀kan di èkejì mú, òun ni wọ́n fi ń pè é ní pseudostem, ìyẹn ìtí tí kì í ṣe ìtí. Torí pé ti wa ti so, a dé àárín gbùngbùn, a rí ọ̀pá funfun kan tó kọjá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọ̀pá yẹn ló gbé òdòdó àti èso jáde.

Ìtí ẹ̀ gidi wà nínú ilẹ̀. Lára ìyẹn ni àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọ, tí ìyá bá ti so tán tó kú, ọmọ á rọ́pò ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ewé kan ni mò ń wò àbí ewé púpọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ wo abíyá. Ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ó máa ń ní kọ́rọ́ kan bí ìgbà tí apá so mọ́ ara èèyàn, ojú kékeré kan sì máa ń wà nínú kọ́rọ́ yẹn tó lè di ẹ̀ka tàbí òdòdó lọ́la. Axil ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, tẹ́ ẹ bá tú ọ̀rọ̀ Látìn yẹn, abíyá náà ni. Òfin ẹ̀ ni pé: ibi tí ojú bá wà ní abíyá, ibẹ̀ ni odidi ewé ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà láti ibẹ̀ lọ sókè, bó ti wù kó pín tó, ewé kan ṣoṣo ni. Àwọn tó pín yẹn, ọmọ ewé ni wọ́n, kò sí ojú ní abíyá tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú èlú, torí Òṣogbo ìlú aró la wà, kò yẹ kí ọmọ Òṣogbo má mọ èlú lójú. Tẹ́ ẹ bá mú ọ̀wọ́ èlú kan, ọmọ ewé máa ń tò ní méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ọ̀kan á wá dá dúró lórí, torí náà iye wọn kì í sábà jẹ́ èjì-èjì gééré. Ewé kan ni gbogbo ẹ̀. Ewé tó tò bí ìyẹ́ ẹyẹ báyìí ni wọ́n ń pè ní pinnate. Àwọn aláró máa ń gún ewé tútù yẹn, wọ́n á sì fi ṣe ìṣù tí wọ́n ń sá gbẹ. Tẹ́ ẹ bá rún un lọ́wọ́ tẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀, ẹ máa rí i tó ń dúdú bọ̀.

Dongoyaro náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ etí ọmọ ewé tiẹ̀ rí bí eyín ayùn. Mòrínga pín, ó tún pín, ó tún tún pín, síbẹ̀ ewé kan ni. Pàtanmọ́ náà pín lẹ́ẹ̀mejì, òun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn á ló máa ń pa ara ẹ̀ dé.

Ọ̀pẹ ńkọ́? Odidi imọ̀ ọ̀pẹ kan, ewé kan ni. Ẹ ronú ẹ̀ wò: àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára ẹ̀ ni ọmọ ewé, tá a bá sì fi ọ̀bẹ ha wọ́n, eegun àárín ọmọ ewé kọ̀ọ̀kan tó kù ni a ń dì pọ̀ ṣe ìgbálẹ̀. Láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀, eegun ewé ló wà lọ́wọ́ yín. Màrìwò sì ni imọ̀ tí kò tíì ṣí.

Tí ọmọ ewé bá jáde láti ojú kan ṣoṣo bí ìka láti àtẹ́lẹwọ́, bí ti àràbà àti oṣè, palmate ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀gẹ́ kún un, èmi ò gbà. Ẹ tẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìdí ìka yẹn dáadáa, wọ́n ṣì so pọ̀ níbẹ̀ díẹ̀, wọn ò pín tán. Ewé ẹ̀gẹ́ odidi ewé ni, ó kàn ya jìn ni.

Báwo ni ewé ṣe ń tò lórí ẹ̀ka?

Ọ̀nà mẹ́ta. Ewúro ń yọ ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún, wọn kì í pàdé lójú kan. Ẹfinrin ń yọ méjì tó dojú kọra, méjì tó tẹ̀lé e á sì dá a lábùú bí àgbélébùú. Ẹ yí igi ẹfinrin tútù láàárín ìka méjì, ẹ máa gbọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ lọ́wọ́, kò rí róbótó, ìdílé ẹ̀ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yí ojú kan ká. Aṣofẹyẹjẹ tí mo ní kẹ́ ẹ dúró dè nìyí: mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin ni ewé ẹ̀ máa ń yí ẹ̀ka ká, tẹ́ ẹ bá sì já a, oje funfun á yọ. Ahùn náà ń yí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti ahùn sábà máa ń ju ìyẹn lọ, ó sì ń di igi ńlá.

Etí ewé, ìdí ewé, orí ewé, eegun ewé: èwo ni kí n wò?

Gbogbo ẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Etí: ṣé ó dán ni, ṣé ó rí bí eyín ayùn, ṣé ó ya? Ìdí: ṣé ó pín sí méjì bí ti ewé iṣu? Orí: ṣé ó mú ni àbí ó kú? Ẹ tún fọwọ́ pa á bóyá ó nírun. Ní ti eegun, àwọn tó ń ta ẹ̀kọ mọ̀ ọ́n láì lọ ilé ìwé: ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ tàbí mọ́ínmọ́ín, tó bá fẹ́ ya, á ya gbọọrọ láti àárín dé etí, torí eegun ẹ̀ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ya ewúro, á ya wúruwùru, torí eegun tiẹ̀ hun bí àwọ̀n.

Ẹ̀gún, ṣé irú kan náà ni gbogbo ẹ̀?

Lẹ́nu wa, ẹ̀gún ni. Nínú ìwé, wọ́n pín in sí mẹ́ta nípa ibi tó ti wá. Ẹ̀gún ọsàn abíyá ewé ló ti ń yọ, ẹ̀ka ló di ẹ̀gún. Ẹ̀gún ara àràbà tí kò tíì gbó àti ti igi àtà tí wọ́n fi ń ṣe orín, ara èèpo ló ti hù, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ tì í, ó lè ṣí kúrò láì fa igi inú ya. Ẹ̀kẹta ni ewé tó di ẹ̀gún, bí ti cactus táwọn èèyàn ń gbìn sínú ìkòkò níwájú ilé.

Yèrèpè kì í ṣe ẹ̀gún o. Irun ni, irun ara pódi ẹ̀, bẹ́ ẹ sì ti mọ̀, ó burú ju ẹ̀gún lọ.

Báwo ni ìtàkùn ṣe ń gun nǹkan?

Àwọn kan ń fi ara wọn lọ́, àwọn kan ní ọwọ́. Ejìnrìn, ẹ̀gúsí àti úgú ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ká bí síprínìgì, tendril lorúkọ ẹ̀. Iṣu ò ní ọwọ́, gbogbo ara ẹ̀ ló fi ń lọ́ mọ́ igi. Ẹ lọ wo òkìtì: iṣu funfun àti ewùrà ọ̀tún ni wọ́n ń yí sí, èsúrú òsì ló ń yí sí, kò sì ní yí padà kódà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tú u. Èsúrú tún ní ọmọ ewé mẹ́ta mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa ìtàkùn ewùrà, ẹ máa gbọ́ apá mẹ́rin tó yọ lára ẹ̀ bí ìyẹ́, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀ ní Látìn fi jẹ́ alata, ìyẹn oníyẹ̀ẹ́. Iṣu funfun ẹ̀gún ló sábà máa ń ní.

Afọ̀mọ́ ńkọ́? Òwe ní kò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan, òótọ́ sì ni pé kò ní gbòǹgbò inú ilẹ̀. Ó ní nǹkan kan tó fi ń wọnú igi tó gùn lọ fa omi mu. Ewé ẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ torí ó ń fi oòrùn se oúnjẹ fúnra ẹ̀, omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ló ń jí.

Kí ló wà nínú òdòdó?

Ẹ má lọ wá òdòdó ẹlẹ́gẹ̀. Ilá tó. Ẹ jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀, torí òdòdó ilá ọjọ́ kan ni, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti ń ká.

Láti ìta: àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn yí ìdí ẹ̀ ká. Lẹ́yìn wọn ni àpò aláwọ̀ ewé tó bo òdòdó nígbà tí kò tíì là, ti ilá máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí òdòdó bá fẹ́ jáde. Ewé òdòdó márùn-ún ló kàn, àwọ̀ ìyeyè tó ṣì, tí inú ìdí wọn pọ́n dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ẹ rọra já márààrún. Ohun tó kù ni ọ̀pá kan láàárín, lẹ́búlẹ́bú wà lára ẹ̀ yíká. Akọ ni lẹ́búlẹ́bú yẹn, pollen. Ẹ wo orí ọ̀pá yẹn, ẹ máa rí orí kéékèèké tó pọ́n, tó dà bí àrán aṣọ: abo nìyẹn. Akọ yí abo ká bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ wá fi bíléèdì la ìdí gbogbo ẹ̀ ní ìbú, ilá kékeré kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú yàrá ẹ̀ àti kóró funfun wínníwínní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi han ọmọ mi obìnrin, ó dákẹ́, ó ní "Mọ́mì, ilá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé akọ ìbẹ́pẹ wà?

Òótọ́ ni. Òdòdó akọ máa ń rọ̀ ṣọọrọ lórí okùn gígùn, ti abo lẹ̀ mọ́ ara ìtí, ó sì tóbi jù ú. Àwọn kan tún wà tí òdòdó wọn ní akọ àti abo pọ̀, àwọn wọ̀nyẹn ló sábà máa ń so ìbẹ́pẹ gígùn, ti abo máa ń rí róbótó. Úgú àti ìrókò náà ní akọ lọ́tọ̀, abo lọ́tọ̀. Àgbàdo ní méjèèjì lára igi kan, àmọ́ ojú ibi tí wọ́n wà yàtọ̀: ìrùkẹ̀rẹ̀ orí ẹ̀ ni akọ, irun tó yọ lẹ́nu háríhá ni abo, irun kọ̀ọ̀kan sì ni ti kóró kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá bó àgbàdo tó fo eyín, kóró yẹn ni lẹ́búlẹ́bú ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Èwo gan-an ni èso?

Ohun tí ilé ọmọ inú òdòdó bá dì ni èso, torí náà tòmátì, ata àti ilá, èso ni gbogbo wọn, bó ti wù kí wọ́n máa lọ sínú ọbẹ̀. Ẹyìn ní awọ, ihá olóróró, èèpo líle, èkùrọ́ sì wà nínú èèpo, òun àti máńgòrò irú kan náà ni, drupe. Agbálùmọ̀, ẹ má là á ní òró, ẹ là á ní ìbú, ẹ máa rí kóró ẹ̀ tó tò bí ìràwọ̀. Kajú ló gọntíọ: èyí tá à ń mu yẹn, ọrùn òdòdó ló wú, èso gidi ni kóró tó rọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó sì jẹ́ òdòdó púpọ̀ tó so pọ̀, ojú kọ̀ọ̀kan òdòdó kan.

Ṣé dandan ni ká mọ Látìn?

Kì í ṣe dandan fún àpèjúwe. Látìn wúlò fún orúkọ, torí láti ìwé tí Linnaeus, onímọ̀ ewéko kan, tẹ̀ jáde ní 1753 ni gbogbo ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò orúkọ ewéko, èyí ló jẹ́ kí ẹni tó wà ní Brazil mọ̀ pé Vernonia amygdalina, ewúro wa ni. Àpèjúwe ewéko tuntun náà, Látìn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di oṣù kìíní ọdún 2012 tí wọ́n gbà kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Mo ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tí wọ́n á gba Yorùbá.

Mo fẹ́ fi ewé kan ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi dá a mọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ya fọ́tò ewé kan péré, ìyẹn ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ ya odidi igi láti òkèèrè, ẹ ya ẹ̀ka kan tí abíyá ewé hàn, ẹ ya ojú ewé àti ẹ̀yìn ewé, òdòdó tàbí èso tó bá wà, kẹ́ ẹ sì fi owó bébà tàbí ìka yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ kọ ohun tí fọ́tò ò lè sọ: òórùn ẹ̀, àwọ̀ oje ẹ̀, bóyá ó gun nǹkan, àti orúkọ táwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ìwé ìròyìn ni kẹ́ ẹ fi tẹ ẹ̀ka náà gbẹ, kì í ṣe náílọ́nù, náílọ́nù á jẹ́ kó bu. Ní Jericho n'Ìbàdàn, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí igbó, wọ́n ní ibi tí wọ́n kó ewé gbígbẹ jọ sí, Forest Herbarium, àwọn tó wà níbẹ̀ lè fi tiyín wé tiwọn.

Ẹ má já tiyín nínú igbó Ọ̀ṣun o. UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni, wọn ò gbà kí èèyàn gé igi tàbí dẹ ẹran níbẹ̀. Ẹ lọ fojú wò ó, ẹ wo bí ìtàkùn ṣe gba orí igi lọ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá já ewé yín lẹ́bàá ilé, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.